Ẹtù, Sányán, Àlàárì, Àdìrẹ: Èwo Ni Kí Ẹ Dá?

Ọdún tí àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó, èmi ni wọ́n rán lọ ra sányán fún bàbá wa. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé sányán gidi ni, owó sányán gidi ló sì gbà. Nígbà tí télọ̀ gé etí aṣọ náà, mo mú ìjá òwú kan níbẹ̀, mo ṣáná sí i. Kò rùn bí irun tó jó. Ó yọ́, ó ká kò, ó sì di kóró dúdú líle kan tó lẹ̀ mọ́ mi léèékánná. Òwú onírọ́bà ni. Àwọ̀ sányán ni mo rà, mi ò ra sányán.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò béèrè àwọ̀ mọ́ kí n tó béèrè òwú. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání lọ sí ìsọ̀ aláṣọ òkè nìyẹn. Nígbà ìwáṣẹ̀, sányán, ẹtù àti àlàárì kì í ṣe orúkọ àwọ̀ lásán. Ẹni tó bá dárúkọ sányán ti sọ irú kòkòrò tó ta òwú náà, ẹni tó bá dárúkọ ẹtù ti sọ irú aró tó mu, ẹni tó bá sì dárúkọ àlàárì ti sọ ọ̀nà jíjìn tí òwú náà rìn kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ. Lónìí, aṣọ pupa yòówù tí wọ́n bá hun, àlàárì la ń pè é. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò.

Kí ẹ tó yan

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè iye ìgbà tí ẹ máa wọ aṣọ náà. Aṣọ tí ẹbí mú, tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín jogún. Ẹ wo ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ àti ibi tí ẹ ń gbé, torí aṣọ tó dára fún ọyẹ́ London lè mú kí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn nínú oòrùn oṣù kẹta n'Ìbàdàn. Ẹ wò ó bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn àti láyà, torí kì í ṣe gbogbo aṣọ ló gbà á. Ẹ sì ronú sí ohun tí àwọn àgbà máa kà lára yín nígbà tí ẹ bá wọlé.

Ti owó ńkọ́? Mi ò ní kọ iye náírà kankan síbí. Iye tí wọ́n bá pè lọ́jà Òjé n'Ìbàdàn lónìí kọ́ ni wọ́n máa pè nígbà tí ọjà aṣọ òkè ibẹ̀ bá tún pé, ọjọ́ 16 péré ló sì wà láàárín. Mo máa sọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ, màá sì sọ ìdí tó fi wọ́n.

Ohun kan wà tó pa gbogbo òfì ọkùnrin pọ̀, ìyẹn aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun (òfì náà la ń pe ohun tí wọ́n fi ń hun ún), ì báà jẹ́ ti Ìsẹ́yìn, ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìlọrin: tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún. Ìbú rẹ̀ sábà máa ń tó ìnṣì 4, á sì gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Wọ́n á wá gé e, wọ́n á to ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á rán an pọ̀ di aṣọ. Ẹlòmíì máa ń wo àwọn ojú ìrán yẹn bí àbùkù, ṣùgbọ́n èrè ńlá ló wà níbẹ̀. Bí iná bá jó ibì kan tàbí tí èjìká bá gbó, ìlà kan ṣoṣo ni télọ̀ máa tú, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò sí léèsì olówó gọbọi tó ṣe é tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ fún ahunṣọ kó fi ìlà kan tàbí méjì lé e, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń kábàámọ̀, nígbà tí kò sí ahunṣọ tó lè bá wọn rí àwọ̀ náà gan-an mọ́.

Sányán

"Sányán baba aṣọ" làwọn àgbà ń pè é. Ẹ ò ní ṣe kàyééfì bí ẹ bá mọ wàhálà tó wà nídìí òwú rẹ̀. Kòkòrò inú igbó kan ló ń ta á, Anaphe ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Kì í ṣe kòkòrò sílíkì ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń sìn nílé. Ọ̀pọ̀ ìdin Anaphe á kó ara wọn jọ sórí igi kan, wọ́n á pawọ́ pọ̀ ta àpò kan yí gbogbo wọn ká, olúkúlùkù á wá ta ilé tirẹ̀ sínú àpò náà. Odidi àpò yẹn ni àwọn tó ń wá a máa ń já lára igi. Òwú rẹ̀ kò ṣe é fà jáde ní fọ́nrán gígùn kan ṣoṣo bíi ti Ṣáínà. Wọ́n ní láti sè é nínú omi eérú kí lẹ̀ẹ̀ ara rẹ̀ yọ́, kí wọ́n ṣan án, kí wọ́n sá a, kí wọ́n tó wá jókòó tì í, kí wọ́n máa ran án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ran òwú. Wọn kì í rẹ ẹ́ láró. Àwọ̀ tó dà bí iyanrìn etídò yẹn, kòkòrò ló fún un.

Sányán gidi kì í dán yanran. Ẹ máa rí i pé fọ́nrán kan nípọn díẹ̀ ju èkejì lọ, pé ibì kan pọ́n, ibì kan funfun díẹ̀, torí ọwọ́ èèyàn ló ran án. Bí ó bá ti ń pẹ́ ló ń rọ̀ sí i lára. Nítorí pé wọn kò fi aró kùn ún, kò ní aró tó máa ṣí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì ń dùn ún wò lára rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fi òwú sányán fúnra rẹ̀ ṣe é: ọnà náà kò ní pariwo, ẹni tó bá sún mọ́ yín nìkan ló máa rí i.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò pọ̀ mọ́. Igbó tí kòkòrò náà ń gbé ń tán lọ, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú rẹ̀ náà sì ń dínkù. Ó jẹ́ pé sányán tí ẹ máa bá pàdé nínú ìsọ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jẹ́ òwú lásán tí wọ́n rẹ ní àwọ̀ sányán, tàbí èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Mi ò kórìíra sányán olówùú o. Aṣọ tó dára ni, ó ń mí sára, owó rẹ̀ kò sì jù. Ohun tí mo kórìíra ni kí wọ́n gba owó kòkòrò lọ́wọ́ yín fún un.

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó fún yín ní ìjá òwú méjì láti etí aṣọ, kí ẹ jó o lójú rẹ̀. Òwú kòkòrò á rùn bí irun tàbí ìyẹ́ adìyẹ tó jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ bí ẹ bá fi ìka rún un. Òwú lásán á rùn bí ìwé tó jó, eérú rẹ̀ á fúyẹ́. Onírọ́bà á yọ́, á sì di kóró. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjà òun dára kò ní bínú sí èyí.

Ẹtù

Orúkọ ẹyẹ ni ẹtù, aṣọ náà sì jọ ẹyẹ yẹn lóòótọ́: ó dúdú mìnìjọ̀, àwọn ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ aró tó mọ́ tàbí funfun sì là á já. Òwú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, aró sì ni ògo rẹ̀. Ewé èlú ni àwọn aláró máa ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á wá fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò títí tí yóò fi jinná. Bí ẹ bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró rí, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òwú bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, ewéko tútù ni ẹ máa rí, kì í ṣe aró. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú yín kòrókòró, títí tí yóò fi dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ kó di ti ẹtù, wọ́n á tún rì í bọ inú rẹ̀, wọ́n á tún sá a, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Iye ìgbà tó wọ ìkòkò yẹn ni owó rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé gbogbo aró tí kò bá ti ara èlú wá, ayédèrú ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ, ohun tó ń mú aṣọ dúdú nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti inú èlú. Ohun tó ń ba ẹtù jẹ́ ni ìkánjú, kí wọ́n rẹ òwú lẹ́ẹ̀kan péré nínú aró tó lágbára, kí wọ́n sì gbé e sórí òfì. Ẹ fi omi díẹ̀ rin áńkáṣíìfù funfun, kí ẹ fi nù ún. Ẹtù tuntun á fi aró díẹ̀ sílẹ̀, ìwà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí áńkáṣíìfù náà bá dúdú pátá, tí ara aṣọ sì ṣí síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹtù ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú àpótí irin kan nílé wa. Bí wọ́n bá ṣí àpótí náà, òórùn káfúrà àti ti aró ló máa kọ́kọ́ kí èèyàn. Dàńdógó ni, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè fọwọ́ kan gbé e. Ọrùn gbogbo bùbá funfun tí bàbá náà wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ti di aró díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ fi jẹ mọ́gàjí, ìlà kan ti gbó ní èjìká òsì. Ahunṣọ kan hun ọ̀kan mìíràn, télọ̀ tú ti tẹ́lẹ̀, ó fi tuntun rọ́pò. Títí di òní, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sínú oòrùn, ẹ máa rí ìlà kan tó dúdú ju ìyókù lọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀.

Nítorí náà, fún agbádá tó máa pẹ́, ẹtù ni mo máa ń sọ fún ẹni tí kò bá rí sányán gidi. Ó rọrùn láti rí ju sányán lọ, kò wọ́n tó o, ahunṣọ tó mọ̀ ọ́n hun sì ṣì pọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́, nínú omi tútù, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ìbòòji. Kò dára fún ẹni tó máa ń làágùn púpọ̀ tó sì fẹ́ wọ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀.

Àlàárì

Orúkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìtàn ara rẹ̀ tán. Alharini ni àwọn Haúsá ń pe sílíkì, inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n sì ti mú un. Láti Tripoli létí òkun àríwá ni àwọn oníṣòwò ti ń di òwú sílíkì pupa yìí lé ràkúnmí, tí wọ́n á gba aṣálẹ̀ kọjá wá sí Kano, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìlọrin àti tiwa nísàlẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo iye ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, láyé àtijọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ máa ń fi la òwú lásán, wọn kì í fi hun odidi aṣọ àfi fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ gan-an.

Nígbà tí rélùwéè dé Kano ní 1911, òwò ràkúnmí ti ń rọ̀, sílíkì ọ̀hún sì ń wọ́n sí i. Òwú mìíràn gba ipò rẹ̀. Àlàárì tuntun tí ẹ máa rí lónìí, òwú pupa lásán, reyọ́ọ̀nù tàbí pọlísítà ni. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún aró pupa ọ̀hún, torí òun ló máa ń ya lọ sára aṣọ mìíràn jù lọ. Mo ti rí gèlè àlàárì tí òjò pa, tó sì sọ bùbá léèsì funfun di àwọ̀ osùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí ẹ bá ní àlàárì ìyá ìyá yín nílé, ẹ má tà á, ẹ má sì fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, gèlè àti ìpèlé ni mo máa fi ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ ń mú ojú mọ́ lára obìnrin. Agbádá àlàárì máa ń dà bí ẹni pé ó ń pe ara rẹ̀, àfi bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jẹ́ olóyè.

Òfì òde òní

Láti nǹkan bí ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, ni àwọn ahunṣọ ti ń fi òwú tó ń kọ mànà sínú òfì. Shaini-shaini la ń pè é. Ó fúyẹ́, ó wà ní gbogbo àwọ̀ tí ẹbí bá mú, wọ́n sì lè hun ún ní kíákíá fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ aṣọ ẹbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín: èyí ló bá a mu, òun náà ló sì mú kí òfì má kú mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ìsẹ́yìn lọ́wọ́. Àìdára rẹ̀ ni pé ó máa ń yún ara, òwú tó ń dán náà á sì máa bó bí ó bá ti pẹ́. Ẹ má lo owó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ afọwọ́ṣe lé e lórí. Ẹ sì wo ojú ìrán rẹ̀ dáadáa, torí àwọn aṣọ fífẹ̀ kan wà tí ẹ̀rọ hun, tí wọ́n kàn ya ìlà sí bíi ti òfì. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Bí kò bá sí ojú ìrán gidi níbẹ̀, kò sí ahunṣọ tó fọwọ́ kàn án.

Àdìrẹ

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé kí ló kan àdìrẹ pẹ̀lú òfì. Ó kàn án, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yan aṣọ lónìí, àárín méjèèjì ló wà. Àdìrẹ kì í ṣe aṣọ híhun, aṣọ rírẹ ni. Aṣọ funfun tí wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kí ó gbilẹ̀ l'Abẹ́òkúta, l'Òṣogbo àti n'Ìbàdàn. Oníko ni èyí tí wọ́n fi iko dì. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi lẹ̀ẹ̀ láfún àti ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà sí. Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, ìyẹn alábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwú tó rán kì í dúró láti jẹ́ kí a rí i. Wọ́n á fi ká aṣọ jọ, wọ́n á fà á le, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á wá tú gbogbo rẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ni ọnà funfun tí ẹ ń rí.

Àwọn ìyá tó ń ṣe ẹlẹ́kọ máa ń kọ ìròyìn ìlú sára aṣọ. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe ọdún 25 lórí oyè ní 1935, ó di ọnà àdìrẹ. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó náà wà nínú ọnà tí wọ́n pè ní Ìbàdàndùn. Ní àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà ni ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ l'Abẹ́òkúta lórí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà tí wọ́n ń lò dípò omi eérú, àwọn aláró dìde, wọ́n sì bá ààfin fà á. Kì í ṣe òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè aró wo ló jẹ́ ojúlówó.

Lójú owó, àdìrẹ ló rọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, àfi ẹlẹ́kọ tí wọ́n fọwọ́ kọ látòkèdélẹ̀. Ó fúyẹ́, ó ṣe é fọ̀ nílé, ó ṣe é wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá dé Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn. Aró gidi máa ń mu aṣọ dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣá. Ohun tí àdìrẹ kò ní ni ìwúwo. Bí ẹ bá fi rán agbádá, èjìká kò ní dúró, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó bá pọ̀ á sì fà á wọ́.

Kíjìpá wá ńkọ́? Òfì tí àwọn obìnrin ń nà ró sára ògiri ni wọ́n fi ń hun ún, ó fẹ̀, ó sì nípọn. Òwe àtijọ́ kan fi wọ́lẹ̀, ó ní òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Mi ò bá a wí, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tó le tó o nínú gbogbo wọn, ìborùn àti aṣọ ìbora rẹ̀ sì dára púpọ̀ fún ilẹ̀ òtútù. Òfì obìnrin bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìjẹ̀bú fi hun aṣọ tí wọ́n ń tà kọjá òkun. Àwọn obìnrin Bahia ní Brazil ṣì ń ró aṣọ tí wọ́n ń pè ní pano da costa, ìyẹn aṣọ tó ti etíkun wa wá. Ẹ kàn má fi aṣọ olọ́nà Ìjẹ̀bú ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán bí ẹ kò bá sí nínú Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni Ìjẹ̀bú.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́: ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ?

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe jù nìyí, torí ó ṣeé ṣe kí owó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ju owó aṣọ lọ. Ọnà tó wà lọ́rùn àti láyà agbádá, a jọ ni ín pẹ̀lú Núpé àti Haúsá ni. Èyí tó dà bí abẹ ṣóńṣó tó to sára wọn yẹn, aska takwas, ìyẹn abẹ mẹ́jọ, ni àwọn Haúsá ń pe irú rẹ̀ kan. Nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Ulm ní Jámánì, àwọn ẹ̀wù ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n kó láti Allada, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ìwé tó ka ẹrù ẹni tó ni wọ́n jáde ní 1659. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é nígbà yẹn náà. Aṣọ tí ẹ fẹ́ dá yìí ti ní baba ńlá.

Iṣẹ́ afọwọ́ṣe lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà míì oṣù. Ẹnì kan á ya ọnà náà, ẹlòmíì á fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ti ọwọ́ kì í dọ́gba bí ojú ìwé, àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ó máa ń bá aṣọ rìn, bí aṣọ bá ká, á ká. Bí agbádá bá gbó, ẹ lè gé ọnà náà, kí ẹ gbé e lé òmíràn. Ti ẹ̀rọ tí èèyàn ń wà máa ń yára, owó rẹ̀ wà níwọ̀n, ó sì dára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ti kọ̀ǹpútà ló dọ́gba jù, òun ló sì rọ̀ jù bí èèyàn bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ó nílò aṣọ líle lẹ́yìn, àyà agbádá á wá gan bí páálí. Lórí òfì, mo ti rí i tó fa ojú ìrán méjì sún mọ́ ara wọn tí gbogbo àyà fi ká wìnkìn, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tẹ́ ẹ.

Fún ẹtù àti sányán gidi, ọwọ́ ni kí ẹ lò, bí owó kò bá tilẹ̀ tó ju ti ọrùn nìkan lọ. Ẹ fi àyà sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Fún shaini-shaini àti àtíkù, ẹ̀rọ tó.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ joyè, tàbí tó fẹ́ aṣọ kan tí yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ: sányán gidi bí ẹ bá rí i, ẹtù bí ẹ kò bá rí i. Ẹ bá ahunṣọ sọ̀rọ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, torí òwú ló máa ń pẹ́, kì í ṣe híhun.

Ọkọ ìyàwó tó máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, tó sì tún fẹ́ máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìnáwó: ẹtù tó fúyẹ́ tàbí sányán olówùú, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ lọ́rùn. Bí owó aṣọ bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ rán sapará. Agbádá kékeré tí wọ́n fi orúkọ Dókítà Oguntola Sapara, oníṣègùn Èkó, pè ni. Aṣọ tó ń gbà kéré púpọ̀, ó sì rọrùn láti fi wa ọkọ̀.

Ìyàwó àti ìyá ìyàwó: gèlè àti ìpèlé àlàárì, kí ìró àti bùbá jẹ́ nǹkan tó tutù. Aṣọ ẹbí: shaini-shaini, láìjanpata.

Ẹni tó ń gbé ní London tàbí Houston, tó ń ka kílò ẹrù: àdìrẹ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wá fi ìborùn kíjìpá kan kún un fún òtútù. Ẹtù dára níbẹ̀ náà, àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó agbádá kankan, tó sì fẹ́ ojúlówó: ẹ ra ìlà sányán gidi kan ṣoṣo, kí ẹ fi rán fìlà abetí-ajá. Ohun tí mo ṣe fún bàbá wa nígbẹ̀yìn nìyẹn. Òwú rẹ̀ rùn bí irun nígbà tí mo jó o, fìlà yẹn ló sì dé lọ síbi ìgbéyàwó náà, lórí agbádá onírọ́bà tí mo rà.